Alihamudulilahi, mo gba aàwẹ̀ já láyọ̀

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. A kú ìtúnu. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tóbi! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìtọ̀ ṣúgà fojú mi rí nínú aàwẹ̀ èṣí, ẹ mọ ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi rí oṣù. Ó ti parí báyìí, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi léṣìí sọ, torí àwọn tó ní mo ń ṣe àṣejù. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni. Mo ń bó ẹ̀wà tí a fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín ìṣínu, bí ọwọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú omi nìyẹn. Òógùn tútù bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́. Mo fẹ́ pe àbíkẹ́yìn mi, orúkọ rẹ̀ ò wá sí mi lẹ́nu. Ó yọ sí mi, ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín láìsí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó sáré gbé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, ó gún mi níka: 43. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà mọ̀ pé tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 70, kò dáa. 43 ti ń mú èèyàn lọ. Ọmọ náà po ṣúgà sómi, ó ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Mọ́mì, ẹ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì."

Ohun tí àwọn kan sọ lẹ́yìn ìyẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Wọ́n ní ìyá lágbájá náà ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń gbà á pé. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa wò mí lójú, ó ní Àlàájà tó ń jẹun lọ́sàn-án aàwẹ̀, irú Mẹ́kà wo ló lọ? Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o. Ó wà nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, pé kí aláìsàn san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Tí Ẹni tó ni aàwẹ̀ bá yọ̀ǹda, ta ni ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ gbà?

Ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi ni ọmọbìnrin onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù tí mò ń lọ. Onígbàgbọ́ ni, kò gba aàwẹ̀ Ràmàdánì rí, àmọ́ òun ló bi mí pé, "Mà, aago mélòó lẹ ń jẹ sààrì? Kí lẹ fi ń ṣínu? Ìrun alẹ́ yẹn, ṣé ó máa ń pẹ́?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo wa: ẹ má jẹ ìrẹsì, ẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ó ní ká gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí aàwẹ̀ tó wọlé, ó ní kí n máa yẹ ṣúgà wò kí n tó jẹun àti lẹ́yìn wákàtí méjì, kí n sì kọ ohun tí mo jẹ sílẹ̀.

Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ gbé ṣúgà mi dé 231. Ẹ̀wà àti ẹja, 148. Ẹ̀gbọ́n mi tí àwa méjèèjì jọ ní àìsàn yìí ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà díẹ̀, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Èmi jẹ ẹ́, ó fò sókè. Ọmọbìnrin onímọ̀ oúnjẹ náà ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì tẹ̀lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 800, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ tó gbé ti ẹnì kan sókè lè má mi ti ẹlòmíì rárá.

Ó mú mi lọ bá dókítà. Wọ́n yọ òògùn tó ń jẹ́ glibenclamide, torí ó máa ń mú kí ara tú insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, jáde yálà oúnjẹ wà níkùn tàbí kò sí. Wọ́n fi òògùn kejì, metformin, sílẹ̀, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ bọ́ sí àsìkò ìṣínu. (Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ yí òògùn o!) Ìrìn ìrọ̀lẹ́ mi, onímọ̀ oúnjẹ náà ní kí n dá a dúró nínú aàwẹ̀, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ni tèmi máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ó ní ìrun àṣámù tí a ń kí lálẹ́ aàwẹ̀, pẹ̀lú ìdìde àti ìforíkanlẹ̀ rẹ̀, tó mi ní eré ìdárayá.

Ọdún yìí, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni sààrì mi, ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ni mò ń jẹ ẹ́. Mò ń gún ìka lọ́sàn-án. Àáfà wa ní kò ba aàwẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo bá rí i pé ó ti wọ sísàlẹ̀ 70, mo ń ṣínu lójú ẹsẹ̀, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Màá san àwọn ọjọ́ yẹn. Àyẹ̀wò A1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta, jáde lọ́sẹ̀ yìí: 6.8. Èṣí, 9.4 ni. Ọlọ́run, mo dúpẹ́! Ọmọbìnrin onímọ̀ oúnjẹ yẹn, o ò ní rí ìbànújẹ́ lórí àwọn òbí rẹ.

Àwọn tó ń bẹ̀ mí pé kí n fi ìwé oúnjẹ mi ránṣẹ́, ẹ má bínú, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ara mi ni wọ́n fi wò ó. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín àti òògùn yín lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ṣe tiyín fún yín, kó sì tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú aàwẹ̀ tó ń bọ̀, kí àyè lè wà láti yí òògùn padà.