Kí o tó format kọ̀ǹpútà, wo aago ẹ̀ ná

Inú kórópe ni mo wà, a ò tíì dé Odogunyan, Mọ́ńdè, agogo méje àbọ̀ ti kọjá díẹ̀, ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀ka akáóńtì ni. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò jẹ́ káwọn wọlé, mo ní ẹ tún páswọ́ọ̀dù yín tẹ̀, wọ́n ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dun àwọn. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ẹni mẹ́rin ti pè mí. Kí n tó dé géètì, wọ́n ti di mọ́kànlá.

Ilé iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, fákítìrì ni, lápá ibẹ̀ yẹn ní Ìkòròdú, mi ò ní dárúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, àwa méjì péré là ń bójú tó o, ẹnì kejì mi sì rèé, Èkó lọ́hùn-ún ló sábà máa ń wà.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde, mo tẹ OK láì kà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ohun tó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni pé Windows ti bàjẹ́, ohun tí mo dẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù nígbà yẹn ni format, ìyẹn ni kí n pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, kí n fi Windows tuntun sí i. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó ni mo ti kọ́ṣẹ́, tẹ́nì kan bá gbé láptọ́ọ̀pù wá, ọ̀gá mi ò ní bi í ní ìbéèrè méjì, wọ́n á ní "format ẹ̀ fún wọn jàre." Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù ò jọ kọ̀ǹpútà ọ̀ọ́dúnrún tí gbogbo wọn ń bá server kan náà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń dá wọn lóhùn, sọ̀rọ̀, èmi ò tíì mọ̀yẹn.

Mo format mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Mo fi Windows tuntun sí wọn, mo tún déètì wọn ṣe bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tó bá ń fi Windows sí nǹkan, mo dá wọn padà sórí domain, ìyẹn agbo kọ̀ǹpútà tí server wa ń darí, wọ́n ṣiṣẹ́, inú mi dùn, mo sọ fáwọn tó kù pé ó di ọ̀la.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni ti màmá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, wọ́n ti wà ní akáóńtì kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Fáìlì Excel tí wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn dẹrẹ́bà tó ń kó ọjà wa lọ, iṣẹ́ ọdún méjì gbáko, orí Desktop ló wà, kò sí lórí server, mi ò dẹ̀ bi wọ́n. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ojú Desktop mọ́ fòò bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Injiníà, àwọn nǹkan mi dà?" Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

Ilẹ̀ Túsìdeè mọ́, àwọn mẹ́ta tí mo format, àtàwọn mẹ́jọ tí mi ò fọwọ́ kàn, gbogbo wọn tún kọ̀. Mo dúró sáàárín ọ́fíìsì, òógùn bò mí, ni Ìyá Ìbejì bá ní, "Injiníà, ẹ wá wo kọ̀ǹpútà yìí, ó ní January 1 lòní. Ṣé ká ti máa retí bónọ́ọ̀sì ni?" Ojú skríìnì níta níbi tí aago ti máa ń hàn gàdàgbà ni wọ́n ń wò. Oṣù karùn-ún la wà. Mo wọnú BIOS, ètò tó máa ń jí kí Windows tó jí, ọdún 2012 ló wà níbẹ̀. Mo wo ìkejì, bákan náà. Mo wá tẹ páswọ́ọ̀dù lórí ìkẹta, mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ gígùn yẹn fúngbà àkọ́kọ́, ohun tó ń sọ látàná náà nìyẹn: pé aago kọ̀ǹpútà yìí àti ti server ò bára mu. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́lẹ̀, OK ni mo ń dá a lóhùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí domain, Kerberos ló máa ń fìdí ẹni tó fẹ́ wọlé múlẹ̀. Server máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ tí aago wà lára ẹ̀, kí ẹni tó bá jí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ má bàa mú un wá lò nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà, aago méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, bí Microsoft ṣe ṣe é wá láti ilé, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fàyè gbà. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di "mi ò mọ̀ ẹ́ rí." Tiwa wá fi ọdún mélòó kan jìnnà síra! Kódà àwọn wẹ́ẹ̀bù tó ní s lára https á máa kọ̀ fún ẹ, torí lójú kọ̀ǹpútà yẹn, sátífíkéètì wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà? Ibí yìí ló dùn mí sí jù, torí ẹnu ni ǹ bá fi yanjú ẹ̀. Lọ́jọ́ Fráídè tó ṣáájú, mẹ́mò kan jáde. Iná tó ya wọlé lójijì ti jó prínta méjì, wọ́n wá ní kí gbogbo ọ́fíìsì máa pa sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí wọ́n tó lọ sílé. Fákítìrì wa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọ́fíìsì náà dẹ̀ wà lórí iná yẹn, tí NEPA bá mú iná, jẹnẹrétọ̀ á gbé e. Tí kọ̀ǹpútà bá ti wà lójú iná báyìí, bó o tilẹ̀ ti pa á, iná díẹ̀ ṣì ń wọ inú bọ́ọ̀dù ẹ̀, ìyẹn ló ń gbé aago ẹ̀ ró. Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n rà fún akáóńtì, bátìrì inú wọn ti kú tipẹ́, ta ló mọ̀? Ọjọ́ tí wọ́n pa sọ́kẹ́ẹ̀tì ni àṣírí tú. Èmi náà gba mẹ́mò yẹn o. Mo kà á, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bátìrì ọ̀hún ò ju owó ẹyọ lọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, 20 yẹn ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà, 32 túmọ̀ sí pé 3.2 ló nípọn. Mo ra páálí kan. Àtipààrọ̀ ẹ̀ wá dìjàngbọ̀n torí akáóńtì ò fẹ́ dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń sanwó oṣù. Àsìkò Orò ló gbà mí. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú á mọ̀ pé lọ́jọ́ Orò àwọn obìnrin kì í jáde, obìnrin ló dẹ̀ pọ̀ jù ní akáóńtì wa, gbogbo ìjókòó ṣófo, mo ṣí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọn eruku inú wọn, mo fi bátìrì sí i, ó tó ogójì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nísinsìnyí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí n wo aago. Lẹ́yìn náà mo máa tẹ àṣẹ w32tm /query /source, tó ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba aago, tó bá dárúkọ server wa, kò séwu, tó bá sọ Local CMOS Clock, á jẹ́ pé orí bátìrì ló gbé ara ẹ̀ lé, mo tún aago ṣe, mo tẹ w32tm /resync kó tún lọ gba aago lọ́wọ́ server. Domain controller ni server tó ń darí domain, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ PDC emulator nínú wọn ni olórí aago fún gbogbo domain, òun náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń gba aago níta, tí tiẹ̀ bá ṣìnà, gbogbo yín lẹ jọ máa ṣìnà, ẹ ò dẹ̀ ní mọ̀, torí aago yín á bára mu.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ipconfig /all. Ẹ má kàn wo IP, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wo ibi tó kọ DHCP Server sí, ìyẹn ẹni tó ń pín IP fún un. Tẹ́ ẹ bá rí IP tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ké pe DHCP, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá fún ara ẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ lọ wo wáyà àti swíìṣì tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni kí ẹlòmíì dá a lóhùn. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní yàrá tí wọ́n ti ń di ọjà, 10.20 ni IP tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ wá ń gbé 192.168.0 wá, díẹ̀díẹ̀, òní méjì ọ̀la márùn-ún, mi ò rídìí ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń tẹ̀ lé. Mo tẹ arp -a, mo rí MAC àjèjì kan, ìyẹn nọ́ńbà ara ẹ̀rọ tó ń dáhùn yẹn, mo wọnú swíìṣì lọ wo pọ́ọ̀tù tó ti ń wọlé, mo wá ń tọ wáyà lọ lórí ìdúró, nígbà tó yá lórí ìkúnlẹ̀, títí mo fi dé abẹ́ tábìlì kan, àpò gààrì wà níbẹ̀, mo gbé e kúrò, rútà kékeré kan ń ṣẹ́jú sí mi. Ọmọkùnrin kan ló rà á fúnra ẹ̀ torí Wi-Fi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lọ sinmi. Mi ò bá a jà. A fún wọn ní Wi-Fi tó dáa, mo wá tan DHCP snooping lórí gbogbo swíìṣì, pé pọ́ọ̀tù tí mo bá fọwọ́ sí nìkan ló lè pín IP.

Ó tún ku ti DNS, tó ń bá kọ̀ǹpútà wá IP tí orúkọ kan ń jẹ́, kíá ni mo máa sọ ọ́: ẹ yé fi 8.8.8.8, DNS ti Google, sórí kọ̀ǹpútà domain torí íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Google ò mọ orúkọ server tó wà nínú ilé yín, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ìbéèrè tí mo ń bi èèyàn náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń ní "kí lẹ ṣe sí i?" ìdáhùn ibẹ̀ dẹ̀ ni "mi ò ṣe nǹkan kan," torí ó dà bí ìgbà tí mò ń fẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Báyìí mo máa ń ní "ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, kí ló yí padà láti ìgbà yẹn?" Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe mọ ti alhaji kan ní stọ́ọ̀, akáóńtì tí wọ́n fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà máa ń tì pa láràárọ̀ tí wọ́n bá ti wọ géètì. Àwa ṣí i, ó tún tì. Mo wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, lórí domain controller, 4740 ni nọ́ńbà ti akáóńtì tó tì, àmọ́ alhaji fúnra wọn ló là mí lójú, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ni. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fóònù tó wà lápò wọn ò gbọ́, tó bá ti rí Wi-Fi wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti àtijọ́ kanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti update, àtúnṣe tí Microsoft máa ń gbé jáde fún Windows, torí ìjà pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ká pa á, ó ń jẹ dátà. Mi ò gbà. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry, tó ba kọ̀ǹpútà jẹ́ káàkiri ayé ní May 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti March, ẹni tó fi í nílẹ̀ ló jìyà jù. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ọ̀ọ́dúnrún gbà á lóòjọ́ kan náà, mi ò gbà yẹn náà. Lọ́jọ́ 19 July 2024, fáìlì kan ṣoṣo láti CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ààbò kọ̀ǹpútà, ló sọ Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 di ojú búlúù tí Windows máa ń gbé jáde tó bá dákú, láàárín wákàtí díẹ̀, tí àwọn èèyàn ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíì láti pa á rẹ́ lọ́wọ́. Èmi máa ń fún kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ná. Mi ò dẹ̀ kí í fún àwọn onísùúrù o, àwọn tó máa pè mí tí Excel bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́ ni mò ń fún. Tí wọ́n bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kù á gbà á.

Ọ̀rọ̀ Windows 10 ló wà nílẹ̀ báyìí, Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ẹ̀ láti 14 October 2025, àwọn tòkunbọ̀ wa dẹ̀ rèé, Intel ìran kẹfà ló pọ̀ nínú wọn, Windows 11 ń béèrè ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tíì dé. Ti Ìyá Ìbejì wà lára ẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ, mo ti da gbogbo fáìlì wọn kọ sórí server, mo tún da wọ́n kọ sí dísìkì kan lápò, mo ṣí i lójú wọn kí wọ́n rí i pé ó ṣí. Fáìlì dẹrẹ́bà yẹn wà níbẹ̀, inú ìwé ńlá tí wọ́n máa ń fọwọ́ kọ ni wọ́n ti tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó gbà wọ́n ju oṣù kan lọ. Mo tan kọ̀ǹpútà tuntun, mo fẹ́ máa tẹ páswọ́ọ̀dù, wọ́n dá mi lọ́wọ́ kọ́. Wọ́n fa gíláàsì wọn sójú, wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n wo ti skríìnì.

"Ó péye. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Injiníà."