Björkö: ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ nínú omi

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Vaasa, ní ìwọ̀-oòrùn Fínlándì, ni wọ́n fi mọ́tò wọn gbé mi lọ sí erékùṣù Björkö lóṣù kẹjọ. A gba orí afárá Replot kọjá, mítà 1,045, tí wọ́n ṣí ní 1997. Lẹ́yìn ìyẹn, igbó àti òkúta, igbó àti òkúta, títí a fi dé èbúté Svedjehamn. (Ẹ̀fọn ibẹ̀ ò bẹ̀rù Ọlọ́run.)

Ojú ọ̀nà inú igbó ni mo ti rí ilé onípákó kan tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ìpẹja sí nígbà kan. Pákó rẹ̀ ti hewú. Òrùka irin tí wọ́n ń so okùn mọ́ ṣì wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ti dípẹtà, koríko sì yí i ká. Omi wá dà? Mo ka ìṣísẹ̀ mi: ó lé ní ọgọ́rin kí ẹsẹ̀ mi tó kan omi.

Ilẹ̀ ló gbéra. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà 3 ló tẹ agbègbè yìí rì. Ó yọ́ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ sì ń wú padà díẹ̀díẹ̀, bíi tìmùtìmù tí ẹni tó sanra ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mìlímítà 8 tàbí 9 lọ́dún, kò tó ìbú èékánná mi. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ò jìn, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwọ̀nba kékeré yẹn ti tó láti lé omi jìnnà. Vaasa fúnra rẹ̀, nígbà tó jóná ní 1852, ibi tó sún mọ́ òkun ni wọ́n tún un tẹ̀ dó sí.

A gun ilé ìṣọ́ Saltkaret. Láti òkè, òkúta tò lẹ́sẹẹsẹ nínú òkun bí ebè, omi ló wà nínú poro. Yìnyín ló kọ ebè yẹn bó ṣe ń fà sẹ́yìn. UNESCO kà wọ́n mọ́ ogún àgbáyé ní 2006.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ni ilẹ̀ tuntun?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé wàá béèrè!” Àwọn ará abúlé ló jọ ni omi, wọ́n sì jọ ni ilẹ̀ tó bá yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí omi ò kàn lè na ọgbà rẹ̀ síwájú.

Nígbà tí a padà dé èbúté, ẹ̀rọ kan ń wa ẹrẹ̀ lábẹ́ omi kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n ti wa ojú ibẹ̀ náà rí.