Owó tó wọ ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi ṣírò èlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da ojú fóònù délẹ̀ ní ìsọ̀ kí oníbàárà má baà rí ẹni tó ń pè, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mo jẹ áàpù méjì tó ń yáni lówó lórí fóònù, mo jẹ ẹgbẹ́ ọlọ́sẹ̀ tá à ń sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo jẹ aláṣọ òkè. Áàpù ti tán, ọlọ́sẹ̀ ti tán, aláṣọ ti gba tiẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n san owó àjẹṣẹ́kù tí mo yá láti fi pa áàpù tán. Owó kankan ò já bọ́ látọ̀run. Ìṣirò ló yọ mí.

Ọjọ́ kẹta Iléyá lọ̀rọ̀ náà bú jáde. A wà ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ti wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, gèlè ti dúró, à ń retí kí wọ́n pè wá síwájú. Fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dún. Ti ẹni ẹ̀yìn dún. Kí n tó mọ̀, mẹ́rìnlá nínú wa ti gba fọ́tò mi látọ̀dọ̀ àwọn aláàpù, tí wọ́n kọ "OLÈ, ẸNI BÁ RÍ I KÓ MÚ UN" sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tá a jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà wo fóònù, ó wo ojú mi, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà láàárín wa. Owó áàpù yẹn ni mo fi san àsansílẹ̀ aṣọ tó wà lára mi. Ìyá Ẹgbẹ́ fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Èló lo jẹ wọ́n?" Mo ní ẹgbẹ̀rún 50. Wọ́n ní, "Èló ni wọ́n kó fún ẹ?" Mi ò lè dáhùn. Mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

(Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ Ojúde Ọba o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu.)

Nígbà tí mo délé, mo ṣí àkáǹtì, mo wò ó. ₦50,000 ló wà nínú ìwé wọn. Wọ́n ti yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ₦42,500 ló wọlé. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá fi ₦50,000 ṣírò yóò ní èlé náírà 15 ni lórí ọgọ́rùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. ₦7,500 ni èlé lórí ₦42,500, ìyẹn náírà 17 àti kọ́bọ̀ 65 lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó lé ní ₦535 lójúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú tí mi ò ṣí ìsọ̀. Kóńgò gàrí mélòó ni màá wọ̀n kí n tó rí iye yẹn lérè?

Tọ́jọ́ bá sì pé tówó ò sí, áàpù á ní kẹ́ ẹ tẹ ibì kan kí wọ́n sún un síwájú. ₦7,500 ni mo ń san láti fi sún un fún ọjọ́ 14 mìíràn, kọ́bọ̀ kan ò kúrò lórí ₦50,000 náà. Mo sún un lẹ́ẹ̀mẹrin. ₦30,000 lọ, ₦50,000 ṣì dúró gbagidi. Ẹ ro ó pọ̀: ₦80,000 lórí ₦42,500. Àwọn àgbà tó sọ irú owó yìí ní sọ̀gúndogójì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láyé ọjọ́un, ológò ni wọ́n ń rán wá dógò ti onígbèsè, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, á máa bú tilé-toko. Inú fóònù ni wọ́n ti ń dógò báyìí.

Ti ọlọ́sẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, fara sin ju ti áàpù lọ. ₦200,000, ọ̀sẹ̀ 24, ₦10,000 lọ́sẹ̀, ₦240,000 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ₦20,000 sílẹ̀ pé ìfipamọ́ ni, ₦180,000 ni mo gbé délé. Nínú ₦10,000 ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ₦8,333 ni ojú owó, ₦1,667 ni èlé. Lọ́sẹ̀ kìíní, èlé ₦1,667 lórí ₦200,000 ò dunni. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, ₦8,333 péré ló kù lọ́rùn yín, ₦1,667 náà ṣì ni èlé. Ìdá kan nínú márùn-ún owó tó kù, fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo! Ojú owó ń dín kù, èlé ò dín. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kó owó jọ láti san án ṣáájú àkókò, ẹ bi òṣìṣẹ́ wọn pé, "Tí mo bá san gbogbo rẹ̀ lónìí, ṣé ẹ máa yọ èlé àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù?" Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ má kánjú. Ẹ máa san ₦10,000 yín bó ṣe ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì kó owó tó ṣẹ́kù kọjú sí áàpù. Ẹ má fo ọ̀sẹ̀ kankan, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni wọ́n á dá jókòó títí tówó yín á fi pé.

Àwọn kan ní kéèyàn kọ́kọ́ san gbèsè tó kéré jù kí ọkàn lè balẹ̀. Níbi tí èlé bá ti sún mọ́ra, ó dáa. Níbi tí ọ̀kan ti ń gba náírà 17 lọ́sẹ̀ méjì tí èkejì ò gba nǹkan kan, ìyẹn ò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ to gbèsè yín sórí ìwé kan: iye tó wọ ọwọ́ yín, iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ọjọ́ tó pé, èlé ojúmọ́ kan. Èyí tí èlé ojúmọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù lórí ọgọ́rùn-ún náírà ni kó kọ́kọ́ kú. ₦85,000 ni mo jẹ aláṣọ òkè mi láìsí èlé. Mo lọ bẹ̀ wọ́n fúnra mi, mo ń kó ₦3,000 fún wọn lọ́jọ́ ọjà, wọ́n gbà. Ìkẹyìn ni mo fi tiwọn sí.

Ohun tó pa áàpù ni àjẹṣẹ́kù. Ti ọjà wa máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn fi pamọ́. ₦60,000 ni mo ní níbẹ̀, mo lè gbà tó ₦120,000, àmọ́ ₦90,000 ni mo gbà, iye tí áàpù méjèèjì ń bèèrè gẹ́lẹ́: ₦50,000 àti ₦40,000. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lé e. Náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni èlé wọn, oṣù 10: ₦9,000 ojú owó, ₦900 èlé, ₦9,900 lóṣù. Èlé oṣù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ ₦9,000. Láti sún áàpù méjèèjì síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ₦13,500 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Owó mi wà ní àjẹṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń bèèrè onígbọ̀wọ́ méjì, ojú sì ń tì mí láti bẹ ẹnikẹ́ni. Áàpù ò bèèrè onígbọ̀wọ́; ó sọ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù mi di onígbọ̀wọ́.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án tán, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ iye tó kù ránṣẹ́, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ owó ìtanràn kẹ́ ẹ tó sanwó, torí pé tẹ́ ẹ bá ti san, ẹnu yín ò ní tólẹ̀ mọ́. Áàpù kejì yọ ₦6,400 fún mi bẹ́ẹ̀. Ẹ má san sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ kankan, bó ti wù kó bú tó. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn ni. Ẹ gba lẹ́tà pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ báǹkì, ẹ dí káàdì ATM tẹ́ ẹ fún wọn, kẹ́ ẹ gba tuntun, torí pé nọ́ńbà káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù ò pa gbèsè rẹ́, kò sì gba orúkọ tí wọ́n ti kó padà. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó yáwó, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ ti san.

Tó bá jẹ́ báǹkì lẹ jẹ, ẹ lọ bá wọn kọ́jọ́ tó pé. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò GSI kalẹ̀: báǹkì tẹ́ ẹ jẹ lè yọ ojú owó àti èlé nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn, torí BVN kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó ọjà sá káàkiri báǹkì, owó oníbàárà ni wọ́n máa gbé.

Wọ́n fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ mi. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ṣẹ́ẹ̀kì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù: tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn, òfin 1977 kan wà tó lè ránni lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo dúró, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ní ti àwòrán tí wọ́n fi ń ba orúkọ jẹ́, ẹ ya gbogbo rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, kẹ́ ẹ fi ẹjọ́ ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Àjọ yẹn náà ló ń gbé orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù tó gba àṣẹ sórí ìkànnì rẹ̀; ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun. Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ni Google Play ti ní kí áàpù ẹ̀yáwó má fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni mo fi gbé tèmi sórí fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí gbogbo ẹgbẹ́ mi kó.

Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ, aláṣọ sì máa ń fẹ́ owó ṣáájú. Mo ti gba káàdì lọ́wọ́ alájọ, ₦300 lójúmọ́. Tó bá mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ₦9,000 ló ń kù lóṣù ọlọ́jọ́ 31. Ní oṣù 10, bí ₦90,000 nìyẹn, iye aṣọ náà sì ṣeé kà lójú kí n tó ní kí wọ́n hun ún.