Bébà tí dókítà máa kọ kí ìjọba California tó sanwó ìtọ́jú Màmá nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ti dàgbà lọ́dọ̀ yín ní California níbí, ẹ á ti gbọ́ nípa IHSS, ìyẹn In-Home Supportive Services, owó Medi-Cal (ètò ìlera ìjọba California fún àwọn tówó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn) tí ìjọba fi ń gba ẹni tó máa tọ́jú arúgbó tàbí aláìlera nínú ilé tiẹ̀, kó má baà di pé wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ lè ṣiṣẹ́ yẹn kó sì gbowó ẹ̀. Èyí tí wọn kì í sọ fúnni ni SOC 873, bébà tí dókítà máa fọwọ́ sí, torí láti August 1, 2011 ni òfin ti sọ pé ẹni tí oníṣègùn tó ní láísẹ́ǹsì ò bá jẹ́rìí sí, kò lè rí ètò yẹn gbà.

Bébà ọ̀hún ò gùn. Ìbéèrè méjì ló gbé e ró: ṣé ẹni yìí ò lè dá nǹkan bíi jíjẹun, wíwẹ̀, wíwọṣọ, lílọ sílé ìyàgbẹ́ tàbí rírìn ṣe fúnra ẹ̀, àti pé ṣé dókítà gbà pé ó yẹ kó rí ìrànlọ́wọ́ yẹn kí wọ́n má baà gbé e kúrò nílé. Tí dókítà bá fi lè máàkì "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí ọ̀kan péré nínú méjèèjì, kò ku nǹkan kan mọ́ tẹ́ ẹ máa sọ fún county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín tó ń bójú tó ètò yìí.

Ibẹ̀ ló ti ń bá àwa Yorùbá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn àgbà wa kì í sọ àìlera wọn níta. Èmi ni mò ń wẹ ìyá ọkọ mi láràárọ̀, èmi ni mò ń fà wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé iwájú dókítà báyìí, gèlè á ti dúró, ẹ̀rín á ti wà lẹ́nu, dókítà á bi wọ́n pé báwo ni ara, Màmá á ní a dúpẹ́ o, kò sí wàhálà kankan. Dókítà ò mọ̀ ju ohun tó rí, ohun tó bá sì rí náà ló máa kọ. Kí wọ́n tó lọ kọ bébà yẹn, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín gan-an fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa ka àìsàn mi sílẹ̀ fún ọmọ kékeré yẹn ni?" Mi ò bá wọn jà. Ọkọ mi ló wá kọ ọ́ sínú ìwé, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tí ìyá ẹ̀ ò lè dá ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń ṣubú, ó gbé e fún dókítà lọ́wọ́, dókítà yẹn kà á tán ó tún jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmá láwọn ìbéèrè tí ò bi wọ́n rí.

Ohun míì tún ni pé orúkọ àìsàn nìkan ò tó. Tí dókítà bá kọ làkúrègbé àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni ò ní in nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn? Ẹ ní kó kọ ọ́ pé torí orúnkún yẹn, wọn ò lè jáde nínú báfù láìsí ẹni tó dì wọ́n mú. Fọ́ọ̀mù náà tún ń béèrè bóyá á tó oṣù 12 tí ara ò fi ní yá.

Ọjọ́ 45 ni county máa ń fún yín láti dá a padà, tí ìdí gidi bá sì wà, ẹ lè béèrè ọjọ́ 45 míì, àmọ́ kẹ́ ẹ béèrè kí àkọ́kọ́ tó pé o. Ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn tó wà níwájú ní clinic. Tiwa, wọ́n ní àwọn ti fi fax ránṣẹ́, county ní àwọn ò rí nǹkan kan, a lọ gba fótókọ́pì a sì gbé e lọ fúnra wa. Tí dókítà yín bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, kì í ṣe òun nìkan ló lè fọwọ́ sí i, physician assistant, physical therapist, occupational therapist, psychologist, nọ́ọ̀sì public health, gbogbo wọn ni òfin gbà. Ẹni tó bá sì ń ti ọsibítù bọ̀, tí kò lè délé kó wà láìséwu láìsí ìrànlọ́wọ́, county lè bẹ̀rẹ̀ kí bébà tó dé.

Kì í ṣe dókítà ló ń sọ iye wákàtí tí wọ́n máa sanwó fún o. Social worker, òṣìṣẹ́ county, ló máa wá sílé wá ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kò sì lè ju wákàtí 283 lóṣù kan. Tó bá jẹ́ pé iyè ti ń ra Màmá tàbí Bàbá, tí wọn ò ṣeé fi sílẹ̀ láwọn nìkan, fọ́ọ̀mù SOC 821 ni dókítà máa tún kọ lọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ àti egbò wíwẹ̀ náà ní SOC 321 tiwọn.

Tí wọ́n bá kọ̀, lẹ́tà Notice of Action ló máa dé, ẹ wá inú ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ọjọ́ 90 lẹ ní láti béèrè kí State gbọ́ ẹjọ́ yín, ẹ sì lè mú ìwé tuntun láti ọ̀dọ̀ dókítà lọ síbẹ̀.