Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lórí omi Lokoja

Ẹ yin Olúwa! Halelúyà! Ẹ̀yin ará, gbèsè ni mo wá san o. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́rùn mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, màá wo bàbá wọn, bàbá wọn á wo ilẹ̀, a ó sì jókòó wa. Àmọ́ àbígbẹ̀yìn wa bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin làǹtìlanti, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ níbí ní Lugbe, ní Àbújá, bí mo ṣe bu omi sí i lẹ́yìn lọ́jọ́ kìíní báyìí tó ké, omi Lokoja ni mo rántí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè ṣùgbọ́n aago ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá, ọmọ Yagba ni wá, Egbe ní Ìpínlẹ̀ Kogi nílé wa, Kubwa ní Àbújá la ti tọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà ni mí, bàbá wọn sì jẹ́ ẹnjinía lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí àwa méjèèjì rìtáyà tán, 2016, tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ lókè òkun, àwa kó ẹrù wa, ó di abúlé Gbagyi kan ní ìkọjá Kwali, a ní ká fi agbára tó kù sin Olúwa. Kwali tí mò ń wí yìí náà ni ti Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó ₦20. Lálẹ́ a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, lọ́sàn-án èmi àtàwọn obìnrin ń ka Bíbélì, bàbá wọn ń tún kànga ṣe, ó ń wàásù ní Haúsá tó kọ́ lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Màmá Malama, ìyẹn Màmá Tíṣà, ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wa. Mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run, nígbà míì ó dùn mọ́ wa ju ilé wa lọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọjọ́ tí àkọ́bí wa gboyè jáde ní Ilorin, àwọn ọmọ abúlé ń ṣe ìdánwò, a ò lọ. Nígbà tí èyí ekejì bímọ, ọjọ́ ìkómọ bọ́ sí ọjọ́ ìrìbọmi, ọjọ́ kẹta la tó dé, wọ́n ti kó àga àti kánópì lọ, orúkọ tí àwa fún ọmọ náà, orí fóònù la ti pè é. Wọn ò bá wa jà o. Wọ́n á kàn sọ pé "ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mọ́mì," èmi tí mo bí wọn sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn yìí, òun kì í bo ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kó yá mi ní ẹ̀yin àti Dádì fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Sátidé. Tó bá di Sọ́ńdè kó gbà yín padà." Mo gé fóònù, mo bú sẹ́kún.

Ìdána jẹ́ Friday 14 October 2022, wẹ́dìn jẹ́ ọjọ́ kejì ẹ̀, ní Egbe. Mọ́ńdè la fẹ́ gbéra. A ti kó kúlà, aṣọ ẹbí àti báàgì ńlá fún àbúrò mi tó kọ́kọ́ lọ. Alẹ́ Sọ́ńdè ni obìnrin kan nínú àwọn tá a jọ ń ka Bíbélì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ó sì le. A gbé e lọ sí ọsibítù, mo jókòó tì í Mọ́ńdè, mo jókòó tì í Túsìdeè, ìyá ẹ̀ ti kú, kò sẹ́lòmíì. Bàbá wọn ní ká máa lọ. Èmi ni mo ní ká dúró. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi ni, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi yẹn ru bàbá wọn. Ó bí ọmọkùnrin lálẹ́ Túsìdeè, ní ìdájí Wẹ́sìdeè àwa náà wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin dìde láti sìn wá, wọ́n ń ní "Allah ya kiyaye," kí Ọlọ́run pa yín mọ́.

Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe rí. Òjò ti rọ̀ kọjá àlà, wọ́n tún tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, omi yẹn gba Benue wálẹ̀, Lokoja sì ni Benue àti Niger ti ń pàdé, ibo ni odò méjì bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbà? Ó gun títì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àbújá náà jẹ nínú ẹ̀, torí tánkà epo ò ráyè kọjá, ẹ̀yin lẹ tò sílé epo. Ó lé ní 600 èèyàn tó bá omi ọdún náà lọ káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, torí náà tí mo bá ń dúpẹ́, mi ò gbàgbé àwọn tí wọn ò rí tiwọn dúpẹ́ lé.

A kọjá Abaji wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tó ku díẹ̀ ká dé Koton-Karfe ni mọ́tò dúró, kò sì rìn mọ́. Tánkà níwájú, tánkà lẹ́yìn, tírélà tó kó màálù, màálù ń ké. A sun inú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà lórí ìjókòó. Bàbá wọn ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ inú bọ́ọ̀sì pé ó yẹ kí dáàmù kan ti wà ní Dasin Hausa ní Adamawa tí yóò máa gba omi Lagdo sára, pé bó ṣe ṣe wá ní 2012 nìyí, ó wá fi ìka ya odò Benue sára gíláàsì tí èémí wa ti mú ṣú. Ìka ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wò ó, mo ní Bàbá wọn, oògùn yín ńkọ́? Ó dákẹ́. Oògùn bí-pí ẹ̀, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wà nínú báàgì ńlá tó ti lọ sí Egbe. Èyí tó mú sápò, ti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ a sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn láàárín mọ́tò, alẹ́ bá wa, wọ́n ṣí kíláàsì ilé ìwé kan fún àwa èrò, a tẹ́ ìró mi sílẹ̀. Mi ò sùn. Ẹ ò mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, Gowans àti Kent ni, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì tí iṣẹ́ wọn di SIM, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó dá ìjọ wa ECWA sílẹ̀, tí àwa ọmọ ECWA máa ń gbọ́ ìtàn wọn láti kékeré. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1893, ní 1894 Gowans ti kú sí Girku ní apá Zaria, Kent kú sí Bida, Bingham tó jẹ́ ẹnì kẹta wọn nìkan ló padà sílé. Láti kékeré ni mo ti ń pàtẹ́wọ́ sí ìtàn yẹn, òru ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ro ti ìyá Gowans ní Toronto, ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ tí kò rí i mọ́. Mo wá ní Olúwa, èmi ń kọ́? Ṣé ìwọ lo ní kí n má lọ sí ìkómọ yẹn, àbí èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Màmá Malama? Mi ò rí ìdáhùn gbà. Mo kàn ń sunkún sínú gèlè mi kí bàbá wọn má baà jí.

Ẹtì mọ́, bàbá wọn ní orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ń rí méjìméjì. Àyà mi já. Mo gbé e jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá títì, mo ń fẹ́ ẹ, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ ké pè. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn mi, "Okun o!"

Ẹ̀yin ará, láàárín Haúsá àti Igala àti Ebira, kẹ́nìkan kí yín ní okun, ìkíni àwa ọmọ Yagba! Mo dáhùn kí n tó yíjú. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ọmọ Isanlu, Kaduna ló ti ń bọ̀, ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá bàbá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n bí-pí wà nínú báàgì ẹ̀ nítorí ìyá ẹ̀ tó ń lọ wò. Ó dì í mọ́ bàbá wọn lápá: 190 lórí 110. Ó bi wá ní orúkọ oògùn, mo ní Amlodipine, ó ní òun rà á dání fún ìyá òun, ó gé páálí kan fún wa. Nígbà tí mo ń wá owó, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò gba nọ́ńbà ẹ̀, kó dà mi ò bi í pé ọmọ ta ni. Ibikíbi tó bá wà, Ọlọ́run á máa ṣe ìyá ẹ̀ lóore.

Bíi aago mọ́kànlá nẹ́tíwọọ̀kì wọlé, fóònù mi dún, àbúrò mi. Kí n tó gbọ́ ohùn ẹ̀, ohùn alága ìjókòó ni mo gbọ́, ó ń kọrin, àwọn èèyàn ń gbè é, ìlù ń dún. Ọmọ mi ló ń wọlé láti kúnlẹ̀ yẹn. Alága ń ní, "Ìyàwó, lọ gbàdúrà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ẹ," mo gbọ́ tí ariwo lọ sílẹ̀, bí ìgbà téèyàn pa rédíò. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn àtìyàwó ẹ̀ ló jókòó sí àyè wa. Nẹ́tíwọọ̀kì lọ. Mo gbé fóònù sétí lọ́wọ́ kan fún ìgbà pípẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ ọkọ̀ ojú omi níbi tí omi ti bo títì, ẹ̀gbẹ́ Lokoja. Ọkọ̀ pákó tó ní ẹ́ńjìnnì ni, a lé ní ogún, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ò ju mẹ́ta lọ, wọ́n fi wọ àwọn ọmọdé. Orí òrùlé ilé là ń rí lọ́tùn-ún lósì, páánù ló kù lójú omi. Bá a ṣe dé àárín, nǹkan kan gbá ìdí ọkọ̀ gbàù! Ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ya wọlé, ó dé orúnkún mi, ó tutù ju omi kànga lọ. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan. Bàbá wọn di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí, láti 1983 tá a ti fẹ́ra kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní Olúwa, tó o bá jẹ́ kí n fojú kan ọmọ yìí, màá sọ ọ́ ní gbangba, màá sọ èyí tó dáa, màá sọ èyí tí ò dáa. Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ti bẹ́ sómi, àṣé òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan la gùn. Ó fi èjìká ti ọkọ̀, ó ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má dìde, ó tì í, ó tì í, ọkọ̀ yọ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bómi lọ. Bàtà ọmọdé kan péré ló lọ, mo rí i bó ṣe ń léfòó lọ.

A sùn ní Lokoja. Ìdájí Sátidé a wá mọ́tò gba Obajana, Kabba, Mopa, Isanlu, ọ̀nà tírélà símẹ́ńtì ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ má wulẹ̀ bi mí. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti so wọ́n pọ̀ tán. Kò dúró dè wá, kò sì yẹ kó dúró. Ọ́ṣà kan tí kò mọ̀ wá wo ẹrẹ̀ ara wa, ó fẹ́ fi wá sí ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá àgbà kan ló rí wa tó figbe ta. Ìyàwó ò yíjú. Mo kàn rí èjìká ẹ̀ lábẹ́ fẹ́èlì tó ń mì, ọkọ ẹ̀ na áńkáṣíìfù sí i.

Pásítọ̀ ti fi ríjísítà sí ẹ̀yìn ìwàásù, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. A wọ vẹ́sìrì. Wọ́n gbé bíírò fún bàbá wọn, ẹrẹ̀ Lokoja ṣì wà nínú èékánná ẹ̀. Ó kọ orúkọ ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ ilé ìwé, ó kọ ọ́ tán, kò lè gbé bíírò sílẹ̀. Ọmọ wa ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, tòun ti aṣọ funfun yẹn, lórí símẹ́ńtì, àdúrà tá ò ṣe fún un lánàá la ṣe níbẹ̀. Nígbà tó dìde ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́ta ni mo tọrọ. Mo gba ọ̀kan yìí o."

Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó ka èyí, mo mọ̀. Èyí ni apá kejì ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ dárí jì wá. Ọlọ́run pè wá lóòótọ́, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ní ká máa pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, àwa la fi orúkọ ẹ̀ bo ohun tó rọ̀ wá lọ́rùn.

November la tó padà sí abúlé, nígbà tí omi ti fà. Gbagyi kì í ru ẹrù lórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí làwọn obìnrin tò wá, iṣu léjìká kálukú, wọ́n ní iṣu ìyàwó ni. Obìnrin tí mo jókòó tì ní ọsibítù ló gbé èyí tó tóbi jù, ọmọkùnrin ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo fi iṣu yẹn ránṣẹ́ sí Lugbe, ọmọ mi ní òun fi gúnyán, pé òun àtọkọ òun jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ wa bí la ti dé Lugbe. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan láti ìjọ wa ló ń dúró fún wa lábúlé, ogójì ọjọ́ la tọrọ, wọ́n sì ti pè pé kànga ń ṣiṣẹ́, pé àwọn ọmọ ń kàwé. Bàbá wọn ló gbé omi kaná sórí gáàsì bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní omi ọmọ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n máa bọ̀ kó tó tutù.