Ọdún méjì, ẹ̀kọ́ mẹ́fà: ohun tí Diploma IB ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí àwọn òbí tàbí àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra yunifásítì bá gbọ́ pé Diploma Programme ti International Baccalaureate, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IB, ni mo ṣe kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: kí ló dé tí ẹni tó ti mọ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn ni òun fẹ́ kà yóò tún fi odidi ọdún méjì kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́fà, tí ìtàn àti èdè Faransé wà lára wọn? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, nítorí ẹni tó bá gba ọ̀nà A-level, ètò ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì, lè mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré tó bá ohun tó fẹ́ kà mu, kí ó sì gbájú mọ́ wọn títí tí ìdánwò yóò fi dé. Lójú tèmi, àwọn ẹ̀kọ́ tí ǹ bá ti jù sílẹ̀ ká ní wọ́n fún mi láyè ló ṣe mí láǹfààní jù lọ. Àmọ́ àǹfààní náà kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́: ó ń gba àkókò, ó sì ń gba oorun lójú ẹni.

Ìlú Geneva ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n ti dá àjọ tó ń ṣe ètò yìí sílẹ̀ ní ọdún 1968. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ àwọn aṣojú ìjọba àti òṣìṣẹ́ àjọ àgbáyé ti rí i pé ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nílò ìwé-ẹ̀rí kan tí yunifásítì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣíkiri nìkan ló wà níbẹ̀. Alec Peterson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ náà, ti ń ta ko bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí ọ̀dọ́langba di ẹ̀kọ́ díẹ̀ kan mú, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò yìí kì í fi í jẹ́ kí ènìyàn sá fún ohun tí kò fẹ́ràn.

Ìsọ̀rí mẹ́fà ni àwọn ẹ̀kọ́ náà pín sí: èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ dáadáa pẹ̀lú lítíréṣọ̀ rẹ̀, èdè kejì tó ń kọ́, ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àwùjọ bí ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé, sáyẹ́ǹsì, ìṣirò, àti iṣẹ́ ọnà. Ẹyọ kan láti inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń mú, àyàfi pé ó lè fi ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò iṣẹ́ ọnà. Bí mo ṣe mú bàólọ́jì àti kẹ́mísírì pọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè yọ ìṣirò kúrò, bó ti wù kí ó kórìíra rẹ̀ tó. Mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní ìpele gíga, èyí tí wọ́n ń pè ní Higher Level, tí àjọ náà là wákàtí 240 sílẹ̀ fún kíkọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyókù á wà ní Standard Level, tí ó jẹ́ wákàtí 150.

Yíyan àwọn ẹ̀kọ́ ìpele gíga ló yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ sí jù, nítorí àwọn ni yunifásítì máa ń tẹjú mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ìmọ̀ ìṣègùn lè sọ pé dandan ni kẹ́mísírì ìpele gíga, kí ó sì dárúkọ máàkì tó fẹ́ nínú rẹ̀. Ìṣirò pàápàá ti pín sí ọ̀nà méjì láti ọdún 2019: Analysis and Approaches, tó rọ̀ mọ́ álíjẹ́bírà, kálíkúlọ́ọ̀sì àti fífi ẹ̀rí ìṣirò múlẹ̀, àti Applications and Interpretation, tó dá lórí lílo ìṣirò fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àti ìtúpalẹ̀ dátà. Àwọn ẹ̀ka kan ní yunifásítì kì í gba èkejì yìí. Mo mọ ẹni tó mú un nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó rọrùn, kí ó tó gbọ́ pé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fi ọkàn sí kò ní gbà á. Ohun tí yunifásítì ń béèrè ni kí ènìyàn kọ́kọ́ kà, kí ó tó ka ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ mẹ́fà náà, apá mẹ́ta mìíràn tún wà tó jẹ́ dandan: Extended Essay, Theory of Knowledge àti CAS. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí n kò ní fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò nínú ètò yìí, Extended Essay ni màá mú. Iṣẹ́ ìwádìí ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò wá ìdáhùn sí i, tí yóò sì kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ ju 4,000 lọ. Olùkọ́ kan máa ń ṣe alábòójútó rẹ̀, wọ́n á sì jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ìkẹta jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kúkúrú nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí; ṣùgbọ́n alábòójútó kò gbọdọ̀ bá a kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ bá a tún un kọ. Bàólọ́jì ni mo ṣe tèmi lé lórí: mo fẹ́ mọ ohun tí iyọ̀ inú omi ń ṣe fún irúgbìn tó fẹ́ hù. Alábòójútó mi ní iyọ̀ wo, kí ni ìwọ̀n rẹ̀, irúgbìn wo, kí sì ni màá wọ̀n tí màá fi mọ̀ pé nǹkan ti yí padà? Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí, nígbà tí mo sì rí i tán, ibi tó le nínú iṣẹ́ náà ti kọjá kí n tó fọwọ́ kan irúgbìn kankan. Nígbà tí mo dé yunifásítì tí wọ́n ní kí a máa kọ ìjábọ̀ ohun tí a ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo ti mọ̀ pé èsì tó ta ko ohun tí mo rò kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́, mo sì ti mọ bí a ṣe ń gé àpilẹ̀kọ tó gùn jù kù láì jẹ́ kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mí jù, nítorí gbogbo gbólóhùn ló dà bí ẹni pé kò ṣeé yọ.

Theory of Knowledge ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí a ṣe mọ ohun tí a sọ pé a mọ̀ ni ó ń yẹ̀ wò: kí ni òpìtàn fi yàtọ̀ sí onísáyẹ́ǹsì nínú bí ó ṣe ń kó ẹ̀rí jọ, ta ló sì yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Àròkọ kan wà níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 1,600 lọ, àfihàn kan sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi nǹkan mẹ́ta ṣàlàyé ìbéèrè kan nípa ìmọ̀. Kí n má parọ́, bí olùkọ́ kò bá mọ̀ ọ́n kọ́, àròyé lásán ni kíláàsì náà máa ń dà. Tiwa mọ̀ ọ́n kọ́, ibẹ̀ sì ni ìtàn tí mo ti ń kà sí ẹrù ti wúlò fún mi. Ní kíláàsì ìtàn, a máa ń béèrè ẹni tó kọ ìwé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó kọ ọ́ àti ìdí tó fi kọ ọ́. Ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni mo ń bi àbájáde ìwádìí ìṣègùn lónìí, pàápàá nígbà tí mo bá rí i pé iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn náà ló gbówó ìwádìí kalẹ̀.

Apá kẹta tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni CAS: iṣẹ́ àtinúdá, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwùjọ, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa ṣe fún nǹkan bí oṣù 18. Kò ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe é kò ní gba diploma. Mo gbádùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Máàkì 7 ló ga jù nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 42 fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Extended Essay àti Theory of Knowledge lè fi 3 kún un kí ó di 45. Ẹni tó bá ní 24 lè gba diploma, ṣùgbọ́n àwọn òfin mìíràn wà: àwọn ẹ̀kọ́ ìpele gíga mẹ́ta gbọ́dọ̀ mú 12 wá ó kéré tán, máàkì 1 nínú ẹ̀kọ́ kankan sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ìdánwò ìparí ló ń dá àárẹ̀ sí ènìyàn lára jù. Nínú sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ń wá láti inú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ṣáájú, àwọn ẹ̀kọ́ yòókù sì ní tiwọn. Ní ọdún kejì, gbèdéke gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń ṣùjọ sí àsìkò tí à ń kọ̀wé sí yunifásítì, bí àwọn olùkọ́ kò bá sì jọ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa ń já lé. Kí òbí tó bá ń yan ilé-ẹ̀kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo fún gbogbo gbèdéke. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju ẹwà ilé ìkàwé wọn lọ. Nígbà tí COVID-19 sì mú kí wọ́n fagi lé ìdánwò oṣù Karùn-ún ọdún 2020, iṣẹ́ tí a ti ṣe sílẹ̀ àti máàkì tí àwọn olùkọ́ fojú díwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n fi ṣírò èsì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ̀hónú hàn sí èsì náà.

Èmi kò ní sọ fún ẹni tó kórìíra kíkọ àròkọ, tí ìṣirò àti físíìsì sì wà lọ́kàn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, pé dandan ni kí ó wá ṣe IB. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, A-level sì lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ débi tó ń lọ. Ààyè kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ẹyọ ẹ̀kọ́ díẹ̀ nínú ètò náà láì ṣe odidi diploma, wọ́n á sì fún un ní èsì fún èyí tó ṣe. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó ní lọ́kàn bóyá wọ́n ń gba irú èsì bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.