Outdoor tuntun lórí páìpù àtijọ́: ohun tó ń pa kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kí ọdún tó yí po

Gáàsì A.C. kì í tán bí bẹntiróò inú jẹnẹrétọ̀ ṣe ń tán. Inú páìpù tó dé pa ló ti ń yí po. Bó bá dín, ó jò ni. Ọ̀pọ̀ outdoor tuntun (apá A.C. tó ń wà níta, tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ń fún gáàsì wà nínú rẹ̀) tí wọ́n gbé rọ́pò èyí tó kú ni kì í pẹ́ kí òun náà tó kú, wọ́n á sì ní ọjà burúkú ni. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ àti omi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú páìpù ló sábà máa ń pa á, tàbí gáàsì tí wọ́n fi ojú díwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú split 1.5 HP. Indoor àti páìpù ṣì wà lára ògiri, outdoor nìkan la fẹ́ pààrọ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ka irú gáàsì tí wọ́n kọ sára indoor: R22, R410A tàbí R32. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, tí ooru àyíká sì jẹ́ 30°C, pírẹ́ṣọ̀ R22 á wà ní nǹkan bí 158 psi. Ti R410A á tó 260, ti R32 á lé e díẹ̀. Wọn kò ṣe indoor R22 fún irú pírẹ́ṣọ̀ bẹ́ẹ̀. Òróró inú wọn náà yàtọ̀: mineral (tó wá látinú epo rọ̀bì) ni ti R22, POE (òróró àtọwọ́dá) sì ni ti àwọn méjì yòókù. Ẹni tó bá ní "kò sí wàhálà, a ó kàn pa gáàsì rẹ̀ dà" ń fi owó yín ṣeré. Ẹ wá outdoor tó ń lo gáàsì kan náà, tàbí kí ẹ pààrọ̀ indoor pọ̀ mọ́ ọn. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àtijọ́ bá jóná, tí òróró rẹ̀ dúdú tó sì ń rùn, ásíìdì ti wà nínú páìpù nìyẹn. Ẹ fọ páìpù àti indoor pẹ̀lú oògùn ìfọpáìpù, kí ẹ fi náítírójìn fẹ́ ẹ jáde. Bí páìpù tuntun bá ṣeé fà, ìyẹn ló dára jù.

Ẹ pa bíréékà, ẹ fi tẹ́sítà rí i dájú pé iná kò sí níbẹ̀. Kapásítọ̀ ṣì lè mú èèyàn lẹ́yìn tí iná ti lọ. Rẹ́sísítọ̀ 20 kΩ, 5 W ni kí ẹ fi tú iná inú rẹ̀, ẹ má ṣe fi skúrúdíráfà kàn án. Tó bá jẹ́ A.C. inverter, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Bí outdoor àtijọ́ bá ṣì ń yí, ẹ lè fa gáàsì padà sínú rẹ̀: ẹ ti fáàfù páìpù kékeré, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí géèjì á fi sún mọ́ òdo, ẹ ti fáàfù páìpù ńlá, kí ẹ sì paná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì kankan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì ṣe é rárá bí páìpù bá ń jò. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀ mọ́ òróró, ooru á gbóná débi pé á gbiná bíi ti ẹ́ńjìnnì dísù. Ó ti bú mọ́ àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí rí. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá ti kú, ẹ̀rọ ìfagáàsì ni kí ẹ lò, kí gáàsì náà wọ sílíńdà tí kò ní kún ju 80% lọ. Ẹ má tú u sí afẹ́fẹ́: kílò kan R410A ń mú ayé gbóná bíi kílò 2,088 kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì.

Gbígbé outdoor kọ́ kò le. Ẹ fi 30 cm sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí iwájú má dín ní mítà kan. Létí òkun bíi Lẹ́kkí, iyọ̀ á máa jẹ ewé àlúmínọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ máa fi omi tútù fọ̀ ọ́.

Ẹ gé ẹnu páìpù tí wọ́n ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ dànù, kí ẹ fẹ òmíràn. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ bá ń fá a kí èérún bàbà má bàa wọlé. Sípánà méjì ni kí ẹ fi dè é: 14 sí 18 Nm fún 1/4 ínṣì, 49 sí 61 Nm fún 1/2 ínṣì. Bí ẹ bá dè é kọjá bẹ́ẹ̀, ẹnu bàbà á ya, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni náítírójìn, láti fi wá ibi tó ń jò. Outdoor tuntun ti ní gáàsì nínú, nítorí náà fáàfù rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ẹ gba orí régúlétọ̀ fi náítírójìn sínú páìpù, 50 psi, lẹ́yìn náà 150, lẹ́yìn náà 400 fún R410A. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe yá ọ́síjìn lọ́wọ́ wẹ́ídà láé. Bí ọ́síjìn bá pàdé òróró nínú páìpù, ìbúgbàù ni.

Vacuum, ìyẹn fífa afẹ́fẹ́ àti omi jáde kúrò nínú páìpù, ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí fáàfù díẹ̀, kí gáàsì lé afẹ́fẹ́ jáde: "ṣììì", ó parí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè jáde lóòótọ́, àmọ́ omi tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù kò kúrò. Nígbà òjò ní Èkó, omi yìí kì í ṣe kékeré. Òróró POE á mu ún, á di ásíìdì, ásíìdì á jẹ ara wáyà inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ títí á fi jóná. Vacuum pump ló ń mú omi náà hó lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀ kékeré, tó sì ń fà á jáde. Ẹ jẹ́ kó fà á dé 500 micron (ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀ tó kéré gan-an). Géèjì pupa-àti-búlúù kò lè fi èyí hàn, ẹ lo géèjì micron. Ẹ ti pọ́ǹpù, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ń gòkè láìdúró, ó ń jò. Bó bá gòkè tó sì dúró sí bíi 1,500, omi ló kù níbẹ̀. Ẹ fà á sí i. Ẹ má ṣe fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ṣe pọ́ǹpù.

Gáàsì tó wà nínú outdoor ní iye páìpù tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ mítà 5, pẹ̀lú gíráàmù 20 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lé, tí páìpù yín jẹ́ mítà 9, gíráàmù 80 ni ẹ ó fi kún un. Ẹ gbé sílíńdà lé òṣùwọ̀n, ẹ lé afẹ́fẹ́ inú rọ́bà jáde, kí ẹ jẹ́ kí vacuum fúnra rẹ̀ fà á wọlé kí ẹ tó ṣí fáàfù outdoor. Àdàlù R32 àti R125 ni R410A, olómi ló gbọ́dọ̀ jáde láti inú sílíńdà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gọ́gù. Ó ń hó ní -51°C, á jó awọ ara. R32 ń gbiná, ẹ jìnnà sí iná àti sìgá.

Ẹ ṣọ́ra fún gáàsì ayédèrú. Ẹ fi pírẹ́ṣọ̀ sílíńdà tó ti sinmi wé ooru àyíká. Bí ooru bá jẹ́ 30°C, tí kò sì bá iye tí mo kọ sókè mu, ẹ dá a padà. Ní 2011, àwọn kọ̀ńténà amóhuntutù bú gbàù ní Vietnam àti Brazil, èèyàn sì kú, nítorí R40 (methyl chloride) tó wà nínú ayédèrú gáàsì bá àlúmínọ́ọ̀mù jà.

Ẹ fi Allen key ṣí fáàfù kékeré lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ńlá, tán pátápátá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára indoor yẹ kó fi ìwọ̀n 8 sí 12°C tutù ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ fi clamp meter wo ámpù, kó má kọjá èyí tó wà lára outdoor. Bí yìnyín bá mú ẹnu páìpù indoor, gáàsì kéré, tàbí fílítà dí. Bí ámpù bá ga tí páìpù ńlá sì ń mú yìnyín dé ẹ̀yìn kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ ti fi gáàsì kún un jù. "Títí páìpù á fi làágùn" kì í ṣe òṣùwọ̀n, pàápàá fún inverter tó ń yí eré rẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi bírò tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sínú ìdérí outdoor: irú gáàsì, gígùn páìpù, gíráàmù tí ẹ fi kún un, ọjọ́ tí ẹ ṣe é.